Ìlà tó dúró, ìlà tó dùbúlẹ̀

Rédíò tòkunbọ̀ ni mo rà, FT-857D ti Yaesu, irú èyí tí àwa tó ń bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀ lórí ìgbì fi ń ṣeré. Kò ju búrẹ́dì ńlá kan lọ, síbẹ̀ ó ń fi 100 watt ránṣẹ́ lórí ìgbì kúkúrú, ó sì ń gbọ́ràn láti ìgbì mítà 160 títí dé ti sẹ̀ǹtímítà 70. Àléébù tí mo rí lára rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: ojú rẹ̀ kéré bíi páálí ìṣáná. Nọ́ńbà lo máa rí níbẹ̀ jù. Tó o bá wà ní 14.195 MHz, ẹnì kan lè máa pariwo pè ní 14.210, o ò ní mọ̀ àfi tó o bá yí bọ́tìnì débẹ̀. Ṣe ló dà bí ẹni tó ń ti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wo ọjà Mushin.

Àwọn rédíò tuntun ti yanjú ẹ̀. IC-7300 tí Icom gbé jáde ní 2016 ní ojú gbàràgàdà tó ń fi gbogbo ìgbì hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni kọ̀ǹpútà, àti dongle RTL-SDR kan. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe dongle yẹn fún, kéèyàn kì í bọ USB kó máa wo eré. Ní 2012 ni ìròyìn tàn kálẹ̀ pé chip inú rẹ̀, RTL2832U, lè da ohun tó bá gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní tútù, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá ṣe ìtúmọ̀ rẹ̀. Àtìgbà náà ni àwọn onírédíò bíi tiwa ti ń fi í ṣe ojú fún rédíò tí kò lójú. Panadapter ni wọ́n ń pe irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ṣómólú ni mò ń gbé, lójúlé kan tí ìtẹ̀wé wà lápá ọ̀tún rẹ̀, tí ìtẹ̀wé tún wà lápá òsì. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé kò sí ibi téèyàn lè gbé níbẹ̀ tí kò ní gbọ́ ìró Kord, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Wáyà áńtẹ́nà dipole ti ìgbì mítà 20 (èyí tó wà ní bíi 14 MHz) ni mo na sórí òrùlé, bíi mítà márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan. Bàbá onílé bi mí bóyá tẹlifíṣọ̀n ni. Mo ní ó jọ ọ́.

Ọ̀nà ọ̀lẹ ni mo kọ́kọ́ gbà. Dongle tí mo ní yẹn ní ihò kan tó lè gba ìgbì kúkúrú tààrà láìgba inú tuner rẹ̀ (apá tó ń yan ìgbì) kọjá, ni mo bá fi T so wáyà orí òrùlé pọ̀: apá kan lọ sínú rédíò, apá kejì lọ sínú dongle. Iṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí. Mo rí FT8, àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní 14.074, àwọn ìlà kéékèèké tó ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ tó sì ń dúró pọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 15-15. Mo wá yí lọ sókè, mo tún rí FT8 ní 14.726. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti ká àwọn kan mọ́ ibi tí wọ́n fara pa mọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó ṣírò rẹ̀. 28.8 MHz ni aago inú dongle, ìdajì rẹ̀ sì ni 14.4. Níbi ìdajì yẹn ni dígí wà: ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òjìji rẹ̀ máa yọ lókè. Ẹ yọ 14.074 kúrò nínú 28.8, kí ẹ wo iye tó kù. Mítà 20, tí mo fẹ́ràn jù, ló wá fara ti dígí yẹn gbágbágbá.

Bóyá ǹ bá ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ọmọkùnrin Ítálì kan tó ń pè, mo gbàgbé pé nǹkan wà ní apá kejì T, mo tẹ gbohùngbohùn, mo dá a lóhùn. Èmi fúnra mi ni mo da 100 watt sí dongle lára. Kò rú èéfín, kò dún. Ojú kọ̀ǹpútà kàn dúró. Dongle ti kú, mo ní láti wá òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti tún so ohunkóhun mọ́ wáyà tí rédíò fi ń ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ohun tó máa já a kúrò fúnra rẹ̀ wà láàárín.

Ọ̀nà tó yẹ kí n gbà tẹ́lẹ̀ ni ti inú rédíò. Ibi yòówù tí FT-857 bá ti ń gbọ́ràn lórí ìgbì kúkúrú, ibi kan náà ló kọ́kọ́ ń kó o lọ: 68.33 MHz. Ẹ fi wé garéèjì Ọjọ́ta. Ọkọ̀ ìbáà ti Ìbàdàn wá, ìbáà ti Ìjẹ̀bú wá, garéèjì ló ń kọ́kọ́ já èrò sí. Tí dongle bá dúró sí garéèjì, kò ní láti máa sáré kiri. 68.33 sì wà nínú ibi tí dongle ti mọ̀ ọ́n gbọ́ dáadáa, kò sí dígí, kò sí òjìji.

Mo tú ìdérí rédíò, mo wo àwòrán páńẹ́lì rẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà tín-ín-rín kan mọ́ ibi tí mo rò pé 68.33 ń gbà kọjá. Mo tan án. Òkè kékeré kan yọ láàárín ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀tún ṣókùnkùn, òsì ṣókùnkùn. Mo yí rédíò títí, òkè yẹn ò kúrò lójú kan. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Apápá. Kò tíì jókòó tán tó fi bi mí.

“Níbo lo ti fà á jáde?”

“Lẹ́yìn filter ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó wò mí. “Gétì tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo wọlé lo lọ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, o wá ń retí láti rí èrò.”

Filter kírísítálì yẹn ni rédíò fi ń já gbogbo aládùúgbò dànù kó tó gbọ́ ẹni tó ń wá. Ohun tí mo sì fẹ́ rí gan-an ni àwọn aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n gbé wáyà mi sí iwájú filter. Kò fi wáyà jó o mọ́ ọn lásán o. Ó ní tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣe ni dongle máa máa bá rédíò jẹ nínú abọ́ kan, kò sì ní pẹ́ tí rédíò fi máa di adití. Transistor J310 kan ló kọ́kọ́ tò sórí páńẹ́lì tó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò, kó lè máa tọ́ ọbẹ̀ wò láìbu ẹran. Àfiwé tèmi nìyẹn, tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi í pé èló ni. Ó ní kí n wá fi han òun tó bá ti ń ṣiṣẹ́.

Ti kọ̀ǹpútà ló wá kù. Ìwà òmùgọ̀ tèmi pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Windows máa ń fẹ́ kéèyàn fún dongle ní driver tuntun (kì í ṣe ti dánfó o, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni), ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Zadig la sì fi ń ṣe é. Tó o bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, Zadig máa ń to orúkọ gbogbo ohun tó wà lára USB, kó ní kó o mú ọ̀kan. Asin, ìyẹn mouse, ni mo mú. Lójú ẹsẹ̀ ni ọfà kékeré orí kọ̀ǹpútà kú. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí n tó fi bọ́tìnì Tab rìn dé ibi tí mo ti dá driver àtijọ́ padà. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ yọ gbogbo nǹkan USB tí ẹ ò nílò kúrò, kí ẹ rí i dájú pé Bulk-In, Interface 0 (orúkọ tí dongle ń jẹ́ níbẹ̀) lẹ mú.

Okùn kejì ni CAT, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí rédíò wà, kí nọ́ńbà orí HDSDR, ètò tó ń ya ìgbì sójú kọ̀ǹpútà, lè bá ti orí rédíò mu. OmniRig ló ń ṣe alárinà wọn. Odindi alẹ́ méjì, kò dáhùn. Mo pààrọ̀ okùn, mo yí iyára láti 4800 sí 9600 sí 38400, mo tún kà á pé stop bit méjì ni Yaesu yìí ń fẹ́, mo ṣe é, kò mì. Ihò kan náà lẹ́yìn FT-857 ni CAT àti tuner áńtẹ́nà (ẹ̀rọ tó ń mú kí áńtẹ́nà bá rédíò mu) jọ ń lò, nínú menu lèèyàn sì ti ń sọ èwo ló ń lò ó. Inú ọkọ̀ ni ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti ń lò ó pẹ̀lú tuner, kò sì dá a padà. Mo yí TUNER sí CAT, àwọn nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe fi okùn RS-232 àtijọ́ tààrà sí ihò yẹn o. Fóltì márùn-ún ló mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé tún dorí kodò fúngbà díẹ̀. Mo yí bọ́tìnì sókè, àwọn tí mò ń lé sì ń sá gba ibi tí kò yẹ. Iṣẹ́ garéèjì ni: rédíò ń fi ìgbì tirẹ̀ tó ga ju 68.33 lọ yọ ti òde kúrò, àyọkúrò yẹn ló sì ń sọ òkè di ìsàlẹ̀. Ibì kan wà nínú HDSDR téèyàn ti ń ní kó dojú rẹ̀ padà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tọ́. Ooru yàrá mi náà tún ń fi dongle ṣeré. Olówó pọ́ọ́kú ni, kírísítálì inú rẹ̀ lè ṣìnà tó 50 nínú mílíọ̀nù kan, ní 68.33 ìyẹn ju kilohertz mẹ́ta lọ. Mo padà ra èyí tó ní TCXO, aago tí ooru kì í tètè ṣì lọ́nà, mo sì kó o sínú agolo bisikíìtì kó má baà máa gbọ́ ohun tí a ò rán an.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo wá rí. Lókè ojú náà ni òkè àti àfonífojì, nísàlẹ̀ ni waterfall, tí àkókò ń ti òkè rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń dà bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ògiri, ó fẹ̀ tó kilohertz méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Morse jẹ́ òwú tín-ín-rín tó ń já tó ń so. Mànàmáná máa ń dùbúlẹ̀: ìlà kan láti ọ̀tún dé òsì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé gbogbo ìgbì ló ń lù pọ̀. Lóṣù kẹfà, kí n tó gbọ́ ààrá lókè Èkó ni mo ti máa ń rí i kó ya ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá wá dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò sinmi, tó tún rọra ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mutí, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn nìyẹn.

Àwọn tó dúró yẹn ló kún ojú mi. Mo ra ojú kí n lè máa rí Brazil, ilé ara mi ni mo rí. Ìlà kan ní gbogbo kilohertz ọgọ́ta, bí eyín òòyà. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni, mo bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Bátìrì fóltì 12 ni mo gbé rédíò lé, mo lo bátìrì inú kọ̀ǹpútà, mo ní kí ìyàwó mi lọ máa pa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo bá sì ti rí ìyípadà màá pariwo. Gílóòbù LED kan ní ilé ìdáná: ìlà mẹ́rin lọ. Ṣájà díkódà: àwọn kan lọ. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni ṣájà kọ̀ǹpútà tí mo fi ń wo ariwo náà. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń dá NẸ́PÀ lẹ́bi!

Oògùn rẹ̀ ni òrùka ferrite, àwọn kókó dúdú tó máa ń wà nídìí okùn mọ́nítọ̀ àtijọ́. Ní Alábà mo ra àpò kan tó kún fún okùn mọ́nítọ̀ tó ti kú, mo gé kókó gbogbo wọn. Ẹ má kàn ki okùn bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ ní ẹ ti ṣe é. Ẹ we é. Agbára rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú iye ìgbà tí ẹ we é lọ́nà ara rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀márùn-ún jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ohun kan kù tí kì í ṣe tilé mi. Kì í ṣe ìlà, aṣọ ni, ó bo gbogbo mítà 20 bí ọyẹ́. Ó máa ń dé ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ó máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ló tún kù? Ìtẹ̀wé ni! Àkókò iṣẹ́ wọn gẹ́lẹ́ ni. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa bá wọn sọ jọ lẹ́nu. Ọjọ́ Ìsinmi wá kò. Gbogbo Kord dákẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó tì í. Ní ọ̀sán, òjò ṣú díẹ̀, ìkùukùu kan kọjá lórí wa, aṣọ náà rọ̀, ó yí àwọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ó padà. Ìkùukùu míì tún kọjá, ó tún rọ̀. Mo dìde dúró nínú yàrá. Ohun tó ń bá oòrùn jí, tó ń bá oòrùn sùn, tó sì ń ṣojo tí ìkùukùu bá dé, kí ló lè jẹ́ bí kò ṣe sólà?

Mo mú rédíò kékeré alágbèéká, mo yí i sí AM níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan, mo ń rìn lọ ní àdúgbò bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó ń dún ṣùù, ó ń le sí i, títí mo fi dé abẹ́ òrùlé ìtẹ̀wé kẹta.

Ní ọjọ́ Ajé mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ni ín.

“Ṣé ariwo Kord ló ń dí ẹ lọ́wọ́?” ni bàbá ní. “Kó o tó gbé dé àdúgbò yìí ló ti ń dún o.”

“Rárá o, bàbá. Kord yín ò ṣẹ̀ mí. Èyí tí ẹ gbé sórí òrùlé ni.”

“Sólà ò kúkú ń dún.”

“Lójú ni mo ti rí i, sà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni bàbá ò gbà. Ó tẹ̀ lé mi wá sílé kí n wá fi hàn án. Ó jókòó sórí ibùsùn mi, ó fi fóònù pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó wà nídìí control sólà náà.

“Pa á.”

Lójú ẹsẹ̀, láti òkè waterfall, òkùnkùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da omi sórí pátákó ìkọ̀wé. Nínú òkùnkùn yẹn ni òwú Morse mẹ́ta yọ, tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀.

“Tàn án.” Aṣọ padà dé. “Pa á.” Ó lọ. Bàbá ṣe é tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ọmọ iṣẹ́ ti ń béèrè lórí fóònù bóyá nǹkan bàjẹ́ ni.

“Gbogbo èyí ló ń jáde lórí ilé mi?” Ó wá bojú wò mí. “Tó o bá fọwọ́ kàn án, tí iná mi wá bàjẹ́ ńkọ́?”

Mo ṣàlàyé pé mi ò ní gé wáyà kankan. Wáyà méjèèjì tó ti ara páńẹ́lì sólà bọ̀ ni wọ́n fà jìnnà síra wọn, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì, áńtẹ́nà ńlá ni wọ́n ṣe láìmọ̀. Ó ní kó di ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ náà mo so méjèèjì pọ̀, mo lọ́ wọn mọ́ra, mo we wọn mọ́ ferrite ńlá nídìí control. Kò parẹ́ tán o. Ìwọ̀n ariwo lójú rédíò mi tó máa ń dúró sí S7 lọ́sàn-án wá sí S3, mo sì fọwọ́ sí i. Bàbá ò gba owó ferrite lọ́wọ́ mi, kò sì fún mi lówó iṣẹ́. Ó kàn ní kí n bá òun wo kọ̀ǹpútà òun tó ń lọ́ra.

Èyí tí mo fi ń dán ojú náà wò ni 14.100. Ilé iṣẹ́ atọ́nà méjìdínlógún káàkiri ayé ló ń pín ibẹ̀ lò, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi yí po ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Oníkálukú máa fi Morse pe orúkọ rẹ̀, á wá fa ìlà mẹ́rin: àkọ́kọ́ ní 100 watt, ìkejì ní 10, ìkẹta ní 1, ìkẹrin ní ìdámẹ́wàá watt kan. ZS6DN ti Gúúsù Áfíríkà ni mo máa ń dúró dè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ so panadapter, orúkọ rẹ̀ àti ìlà kan ni mò ń rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ọwọ́ mi ṣì dúdú nítorí òrùlé bàbá, mo jókòó láìfọwọ́. ZS6DN pe orúkọ. Ìlà kan. Ìlà kejì. Ìkẹta tín-ín-rín, ó wà níbẹ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Kó tó dé, ó ti ṣàn lọ sísàlẹ̀, a sì ní láti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta míì.